Ìbéèrè Yín Lórí Ilé: Àmì Tí Òrùlé Máa Ń Fi Hàn Kí Ó Tó Jò

Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ni lẹ́tà ti ń wọlé wá lórí ọ̀rọ̀ òrùlé, èyí tó pọ̀ jù láti ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, díẹ̀ láti Ọ̀yọ́. Bí mo ṣe ń kà wọ́n, ohun kan ń hàn sí mi lemọ́lemọ́: ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gbójú sókè wo òrùlé àfi ìgbà tí omi bá kán sórí ibùsùn. Bẹ́ẹ̀ omi tó ń kán ni àmì tó ń dé kẹ́yìn. Kí ó tó dé, ìṣó ti yọrí, páànù ti pàwọ̀ dà, igi abẹ́ rẹ̀ ti ń rọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi yan ìbéèrè mẹ́fà lára àwọn tó wọlé, kí n lè fi wọ́n tọ́ka sí ohun tí ojú lè rí nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Àbàwọ́n kan wà lára síílìn pálọ̀ mi tó rí bí ìgbà tí ènìyàn da tíì sí i. Káfíńtà ti gun òrùlé lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ọ̀dà dúdú dí ibi tó wà lókè àbàwọ́n náà gan-an, síbẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀ ni ibẹ̀ tún ń tutù. Ṣé káfíńtà náà ni kò mọ iṣẹ́ ni, àbí kí n yọ gbogbo páànù náà? (Ìyá oníṣòwò kan, Ìjẹrù, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ páànù yín. Káfíńtà yẹn lè mọ iṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ibi tí omi ń kán sí ni ó ń dí, ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wọlé. Ibi méjèèjì kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Bí omi bá gba ojú ihò ìṣó kan wọlé, abẹ́ páànù ni yóò kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́, yóò sì máa ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ bí òrùlé ṣe dà gẹ̀rẹ́, títí yóò fi pàdé igi tó dábùú. Igi yẹn ni yóò gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì lè rìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tàbí mẹ́wàá kí ó tó rí ibi já bọ́ sórí síílìn. Nítorí náà, òkè àbàwọ́n, níhà ṣónṣó òrùlé, ni kí ẹ ti wá orísun rẹ̀. Omi kì í gòkè.

Ẹ ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ fúyẹ́ gun òkè àjà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, kí oòrùn tó mú abẹ́ páànù gbóná bí ààrò. Kí ẹ pa iná mànàmáná ilé pátápátá, nítorí wáyà àtijọ́ tó wà lókè àjà lè ti bó. Igi nìkan ni kí ó máa tẹ̀. Síílìn kò lè gbé ènìyàn. Bí ó bá pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ojú rẹ̀ bá òkùnkùn mu, gbogbo ihò tó wà lára páànù yóò hàn sí i bí ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Kí ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi tó súnmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́yìn náà, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì kí ó sì wo ara igi: ibi tí omi bá ti ń gbà, igi a máa dúdú ní ìlà tín-ín-rín, ìlà yẹn ni kí ó tọ̀ gòkè títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí kò bá rí ihò kankan, ó ku omi dídà. Kí ẹnì kan dúró sókè àjà, kí ẹlòmíràn máa fi kẹ́ẹ̀gì da omi sórí òrùlé díẹ̀díẹ̀, láti etí ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, kí ó má ṣe ti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, gbogbo òrùlé ni yóò tutù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò sì ní mọ ibi tó jẹ̀bi. Ìpele tí ẹ bá dé tí ẹni tó wà nínú fi kígbe pé omi ti dé, ibẹ̀ ni àrùn wà. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni, ó sì dín owó kù ju gígun òrùlé lẹ́ẹ̀mẹta lọ.

Àbàwọ́n fúnra rẹ̀ náà ní ohun tó ń sọ. Bí ó bá jẹ́ òrùka kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ òjò ìjì kan tó fẹ́ wọlé lábẹ́ páànù lẹ́ẹ̀kan. Bí òrùka bá wà nínú òrùka, bí ti igi tí a gé, òjò kọ̀ọ̀kan ló ti fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́. Bí síílìn bá wú tí ó sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ikùn, omi ló gbé dání. Ẹ pa iná yàrá náà, ẹ gbé korobá sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ìṣó gún un ní ihò kékeré kan kí omi náà lè dà jáde jẹ́jẹ́, kí gbogbo rẹ̀ má baà wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sì fi imú yín náà ṣiṣẹ́: àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń rùn, tó sì ń tóbi sí i nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, ìtọ̀ eku tàbí ti àdán ni, páànù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ní ti ọ̀dà dúdú, èmi kì í gbà á láyè lórí páànù bí kò ṣe fún ọjọ́ mélòó kan tí a fi ń dúró de àtúnṣe gidi. Oòrùn a máa mú un le, a sì là. Omi a wọ abẹ́ rẹ̀, a há síbẹ̀, páànù a sì máa jẹrà níbi tí ojú kò tó. Bí ihò ìṣó ni, kí a yọ ìṣó àtijọ́, kí a fi èyí tó nípọn jù ú lọ tó ní rọ́bà lọ́rùn rọ́pò rẹ̀. Ojú ibi tó yọ sókè lára páànù ni kí a kàn án mọ́, nítorí inú kòtò rẹ̀ ni omi ń gbà kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Ilé alámọ̀ ni agbo-ilé wa ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n, bàbá wa ló fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára. Páànù rẹ̀ ti pupa láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì jò, kí a fi í sílẹ̀, kí a fi owó ẹbí ṣe nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n mo ń rí i pé sìmẹ́ńtì ara ògiri yàrá kan ń wú. Ṣé ìbẹ̀rù lásán ni mo ń bẹ̀rù? (Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò wa, ohun tí ẹ rí lára ògiri yẹn ni ó yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ gbọ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ páànù rárá. Amọ̀ gbígbẹ lè gbé ilé dúró títí ọmọ-ọmọ yóò fi jogún rẹ̀. Amọ̀ tó ti mu omi kò lè gbé ara rẹ̀. Nínú ilé búlọ́ọ̀kù, òrùlé tó jò yóò ba síílìn àti ẹrù jẹ́. Nínú ilé alámọ̀, ògiri gan-an ni yóò bá wí. Omi tó bá wọlé ní ibi tí òrùlé ti jókòó lórí ògiri kì í kán sílẹ̀ kí ẹ rí i. Ògiri ni yóò mu ún, sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ẹ yóò sì bo àṣírí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín fi lè sọ tọkàntọkàn pé ilé kò jò.

Ẹ fi ìka kan ara ògiri náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ti yà kúrò lára amọ̀ níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ìlà kan là láti abẹ́ etí òrùlé wá sí ìsàlẹ̀, tí ó sì fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ; ẹ wò ó bóyá ọ̀nà ikán wà lára ògiri lọ sí inú àjà, nítorí ikán fẹ́ràn igi tó tutù. Bí ẹ bá rí méjì nínú nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí nínú yàrá kan náà, ẹ kó ẹni tó ń sùn níbẹ̀ jáde lónìí, kí ẹ tó máa pe ìpàdé ẹbí.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé bàbá ìyá mi, níbi tí mo gbé dàgbà, ní yàrá kan tí ògiri rẹ̀ wú bẹ́ẹ̀ fún òjò ọdún méjì. Àwa ọmọdé a máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nítorí pé ó ń rọ̀ bí búrẹ́dì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ mọ́jú, ògiri náà wó sórí ibùsùn. Ọjà ni ìyá mi àgbà wà. Gbogbo ohun tó fa ìwó náà, nígbà tí a wá yẹ̀ ẹ́ wò, kò ju páànù méjì tí ìjì ti ṣí etí wọn díẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí páànù tó pupa. Irin tí wọ́n rì sínú síǹkì gbígbóná ni páànù àtijọ́. Síǹkì yẹn ni ó ń fi ara rẹ̀ jìyà oòrùn àti òjò kí irin abẹ́ rẹ̀ má baà jẹ́. Ní tuntun a máa dán. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, dídán rẹ̀ a kú, a dà bí eérú. Ibi tí síǹkì bá ti tán pátápátá ni pupa ti ń yọ. Etí páànù, ojú ìṣó, àti ibi tí páànù méjì ti gun orí ara wọn ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé omi máa ń há síbẹ̀. Kí òrùlé pupa nìkan kò sọ pé ó ti kú. Ní òwúrọ̀ tó gbẹ, kí káfíńtà fi orí ìṣó tẹ àwọn ibi tó pupa jù. Bí ó bá jẹ́ pé ìyẹ̀fun pupa ni ó kàn ń bọ́, tí abẹ́ rẹ̀ sì le, a lè fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kí a sì kùn ún ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Bí ìṣó bá wọlé lọ, páànù yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀dà kankan kò sì lè jí i.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo igi. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ dúró ní òdìkejì ọ̀nà, kí ẹ sì fi ojú tọ ṣónṣó òrùlé láti ìkángun kan dé èkejì. Ó yẹ kí ó tọ́ bí okùn tí a fà le. Bí ó bá tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn ẹṣin, igi ló ń fà á wálẹ̀: ó lè ti jẹrà, ikán lè ti jẹ ẹ́, ó sì lè jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti kéré jù fún iṣẹ́ tí a gbé lé e. Irú òrùlé bẹ́ẹ̀ kò ṣe é pààrọ̀ páànù lé lórí. Mo ti rí ẹbí tó kan páànù tuntun mọ́ igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ìjì kan ṣoṣo ló gbé àtijọ́ àti tuntun lọ papọ̀.

Ní ti àwọn ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ya àwòrán inú àjà pẹ̀lú fóònù, ẹ fi han olórí ẹbí, kí ẹ sì mú un jáde lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ wo ṣónṣó òrùlé náà. Àwọn bàbá wa kò dúró de omi kí wọ́n tó ṣe òrùlé. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń kó koríko bẹẹrẹ wá sí ààfin Aláàfin kí wọ́n lè fi bo òrùlé ààfin. Wọ́n gbà pé òrùlé ní ìgbà tirẹ̀ nínú ọdún, gẹ́gẹ́ bí oko ṣe ní ìgbà ìtúlẹ̀. Páànù ni ó mú wa gbàgbé, nítorí pé ó pẹ́ ju koríko lọ. Bí owó ẹbí kò bá sì tó gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè yàrá tí ògiri rẹ̀ wú yẹn, lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìlà oòrùn, nítorí ibẹ̀ ni ìjì tó ń gbé òjò àkọ́rọ̀ wá ti sábà máa ń já wọ ìlú.

ÌBÉÈRÈ: Omi máa ń kán láti ara páànù mi láàárọ̀ nígbà tí òjò kò rọ̀ rárá lóru. Yàrá náà kò ní síílìn. Káfíńtà wò ó títí, kò rí ihò. (Olùkọ́ kan, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Òógùn ni páànù yín ń là, ihò kò sí níbẹ̀. Ní òru tí ojú ọ̀run bá mọ́, páànù a máa tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Èémí àwọn tó ń sùn àti ooru omi tí a sè nílé ìdáná a gòkè, a bá irin tútù pàdé, a sì di omi, gan-an bí omi ṣe ń bo ara ìgò ohun mímu tútù. Ẹ óò mọ̀ ọ́n nípa pé gbogbo abẹ́ páànù ló tutù bákan náà, kì í ṣe ojú kan, àti pé ó máa ń gbẹ nígbà tí oòrùn bá gun òkè díẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni ojú afẹ́fẹ́ lábẹ́ etí òrùlé níhà méjèèjì, kí a ta nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí ẹ̀fọn àti àdán, àti síílìn bí agbára bá wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òkè lọ kan ìṣó sí i, nítorí nígbà náà ni yóò wá jò ní tòótọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ilé mi nítòsí LAUTECH kò tíì pé ọdún márùn-ún. Alumí lọ́ọ̀ngì-sípáànù (páànù alumí gbọọrọ) ni a fi kàn án, a sì gbé pàrápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kúkúrú tó bo etí òrùlé, yí i ká. Gbogbo ibi tí páànù ti pàdé ògiri ló ń jò. Bíríkìlà ti fi sìmẹ́ńtì dí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún ń là. Kí ni mo ṣe tí kò dára? (Onílé kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Sìmẹ́ńtì yẹn ni. Alumí a máa nà bí oòrùn bá pa á, a sì súnkì bí ó bá tutù. Páànù alumí tó gùn ní mítà 6, bí ó bá fi ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Selsiọ́ọ̀sì gbóná sí i láti ìdájí dé ọ̀sán, yóò gùn sí i ní ohun tó ju mìlímítà 5 lọ. Irin kò ní nà ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Sìmẹ́ńtì kì í nà. Lójoojúmọ́ ni páànù ń fà á tí ó sì ń tì í, báwo ni kò ṣe ní là? Yàtọ̀ sí èyí, omi tó bá gba ara sìmẹ́ńtì tútù kọjá a máa jẹ alumí. Ẹ ṣí i díẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun àti ihò wẹ́wẹ́, iṣẹ́ sìmẹ́ńtì nìyẹn.

Ohun tó tọ́ ni pé kí a yọ gbogbo sìmẹ́ńtì náà, kí a sì fi abala alumí tí a ká dáadáa bo ibi tí páànù àti ògiri ti pàdé: kí apá kan rẹ̀ wọ inú ojú tí a gé sára ògiri, kí apá kejì bo orí páànù láìsí pé a so wọ́n pọ̀ típẹ́típẹ́, kí páànù lè máa rìn lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sì rí i dájú pé ìṣó irin lásán kò sí lára alumí yín, nítorí irin àti alumí tó bá tutù papọ̀, ọ̀kan yóò máa ba èkejì jẹ́.

Ẹ wo gọ́tà tó wà lẹ́yìn pàrápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ìlú máńgòrò ni Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí àdúgbò tí ewé rẹ̀ kì í já bọ́ sórí òrùlé. Nínú ilé tí etí òrùlé rẹ̀ yọ síta, ewé yóò bá omi lọ. Lẹ́yìn pàrápẹ́ẹ̀tì, inú gọ́tà ni ewé ń kó jọ sí, yóò dí ojú páìpù, omi yóò kún, yóò sì gba abẹ́ páànù padà wọ inú ilé. Èmi kò fẹ́ràn pàrápẹ́ẹ̀tì fún ilé tí kò ní ẹni tí yóò máa gbá gọ́tà rẹ̀ lóṣooṣù nígbà òjò, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí kí ó tó kọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti kọ́ tiyín. Ẹ jẹ́ kí páìpù tó ń gbé omi jáde pé méjì ó kéré tán ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ nígbà tí èkejì bá dí.

ÌBÉÈRÈ: Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni òrùlé àti síílìn ilé tí mo rà lọ́wọ́ àgbàlagbà kan. Ó ti sán níbì kan, ewédò sì ti hù lé e. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi fọ́ ọ kúrò nígbà ìsinmi iléèwé kí n lè fi páànù rọ́pò rẹ̀. (Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án. Okùn wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí wà nínú ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Bí a bá fọ́ ọ, tí a rẹ́ ẹ, tí a lù ú tàbí tí a ha á ní gbígbẹ, okùn wọ̀nyí a máa fò sínú afẹ́fẹ́, ẹni tó bá fà á sínú yóò gbé e sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní jáde mọ́. Jẹjẹrẹ tó ń fà lè má hàn títí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò fi kọjá. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ọmọdé súnmọ́ iṣẹ́ náà rárá.

Síílìn tí kò sán tí kò sì rọ̀ kì í sábà pa ènìyàn lára bí a kò bá fọwọ́ kàn án. Ẹ lè kùn ún ní ọ̀dà kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Èyí tó wà lórí òrùlé tó ti sán ni kí a yọ, àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n ni yóò sì yọ ọ́: kí ó fi omi rin ín gbingbin, kí ó tú ìṣó rẹ̀ kí odindi abala náà lè wá sílẹ̀ láìfọ́, kí ó lo ìbòmú tí a ṣe fún irú eruku bẹ́ẹ̀, nítorí aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dá a dúró. Kí a fi ọ̀rá tó nípọn wé e méjì kí a tó gbé e lọ. Ẹ má ṣe gún un dí kòtò ojú ọ̀nà, ẹ má sì fi bo ilé adìyẹ. Bákan náà, ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó bá máa gun òkè pé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tó ti gbó a máa dá lábẹ́ ẹsẹ̀ láìsí ìkìlọ̀. Pákó gbọọrọ ni kí ó tẹ́ sórí igi kí ó sì máa rìn lórí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìgbà wo nínú ọdún ni ó yẹ kí ènìyàn máa yẹ òrùlé rẹ̀ wò, ṣé mo sì lè ṣe é láìgun òkè? (Ọ̀dọ́ onílé kan, Arówómọlẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́ ni oṣù Bélú, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, nítorí pé gbogbo àbàwọ́n ṣì tuntun, gbogbo oṣù ẹ̀ẹ̀rùn sì wà níwájú fún àtúnṣe. Ìgbà kejì ni ìparí oṣù Èrèlé, kí ìjì àkọ́rọ̀ tó dé. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, kí ẹ yí ilé ká lẹ́yìn gbogbo ìjì tó bá já ẹ̀ka igi ní àdúgbò.

Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ẹ lè rí láti ilẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, páànù tó bá ti ṣí etí yóò da òjìji sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ óò sì rí i kedere. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ etí òrùlé: ìṣó tó já bọ́, rọ́bà ọrùn ìṣó tó ti gbẹ tó sì ti sán, èépá pupa nínú agbada tí ẹ fi gba omi òjò, gbogbo rẹ̀ ni ó ń sọ bí òkè ṣe rí. Ẹ wo pákó tó yí etí òrùlé ká bóyá ó ti dúdú tàbí ó ti wọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Òrùlé tó mú ṣinṣin kì í pariwo; bí páànù kan bá ń lu ara rẹ̀ gbà-gbà-gbà, ìṣó ti sọ ọ́ nù, ìjì tó bá rí ọwọ́ kì bọ abẹ́ rẹ̀ yóò sì ká a kúrò títí dé ṣónṣó.

Nígbà tí ẹ bá wá pe káfíńtà, kí ẹ tó bá a dúnàádúrà, ẹ ní kí ó fi ihò tó rí hàn yín láti inú àjà, ní ojúmọmọ. Bí ó bá sì ti parí, kí ó tó gbé àkàbà rẹ̀ kúrò lára ògiri, ẹ bu kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta sí ojú ibẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín dúró sínú yàrá kí ẹ máa wo òkè, kí ẹ tó ka owó lé e lọ́wọ́.